Ẹ̀yin onímáṣíìnì Èkìtì, ṣé kí n yọ àpótí fíltà Boxer mi kí n fi fíltà racing sí i?

Ọmọ Ìjerò

Ẹ kú ìkálẹ̀ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Boxer 150 ni mò ń gùn, Ìjerò ni mo wà, mo máa ń ti ibí lọ sí Adó lọ kó ọjà, mo dẹ̀ tún máa ń gbé e wọ oko bàbá mi, ọ̀nà oko yẹn kò lọ́dà rárá, ilẹ̀ pupa ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Fíltà tó bá a wá ti gbó, fóòmù ẹ̀ ń já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ìgbà tí mo wá fẹ́ ra òmíì ni ọ̀rẹ́ mi kan bá ní kí n má wulẹ̀ ra fóòmù, kí n yọ gbogbo àpótí dúdú yẹn dànù, kí n ra fíltà kóònù tí àwọn ọmọ racing ń lò, kí n há a mọ́ ẹnu kábúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, tààrà. Ó ní máṣíìnì á máa sáré sí i, á tún máa dún dáadáa.

Mo ra á, mo ní kí ọmọ mẹkáníìkì àdúgbò wa bá mi dè é kí n fi dán an wò. Ó dún lóòótọ́. Àmọ́ tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un níná, á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni fẹ́ kú, lẹ́yìn ẹ̀ ló máa tó gbérí, tí mo bá wá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè tí mo tú ọwọ́ iná sílẹ̀, ìbọn lá máa yìn nínú sàléńsà, pà! pà! Ẹ́ńjìnnì náà gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mò ń mọ̀ ọ́n lójúgun mi. Mo tú púlọ́ọ̀gì wò, ẹnu ẹ̀ funfun báláú. Rọ́bà kékeré kan tún wà tó ti ara ẹ́ńjìnnì wọ inú àpótí yẹn tẹ́lẹ̀, ọmọ yẹn kàn fi í sílẹ̀ kó máa rọ̀ dirodiro, ó ní kò sí ohun tó máa ṣe.

Àpótí àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi o, mi ò tíì jù ú nù. Ṣé kí n máa bá kóònù yìí lọ, kí n ṣe àtúnṣe tó bá yẹ sí kábúrétọ̀, àbí kí n dá àpótí padà? Ọyẹ́ ti ń bọ̀, mi ò fẹ́ kó ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọlọ́kadà Ajílòsùn

Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Kóònù lèmi náà ń lò nínú Adó níbí, Ajílòsùn sí Òkèṣà sí Basiri, títì ọlọ́dà ni gbogbo ẹ̀, máṣíìnì mi ń lọ geere. Wọn ò pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì, irin kékeré oníhò tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀, fún ẹ ni gbogbo wàhálà yẹn. Afẹ́fẹ́ ti pọ̀, epo ò pọ̀. Ní kí wọ́n fi main jet tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ sí i, ìbọn yẹn á dáwọ́ dúró.

Àti pé èmi fẹ́ràn ohùn ẹ̀. Ojú títì ni mo wà láàárọ̀ dalẹ́, àwọn onímọ́tò ń gbọ́ mi kí wọ́n tó rí mi, ìyẹn ti yọ mí nínú ewu láìmọye ìgbà. Fíltà náà tún wà níta gbangba, mo ń rí i, mo ń fọwọ́ kàn án, tó bá ti dọ̀tí mo ti mọ̀. Ti inú àpótí ńkọ́? Mélòó nínú àwa ọlọ́kadà ló ń tú àpótí yẹn wò láti ìgbà tó ti ra máṣíìnì?

Mẹkáníìkì Ìkẹ́rẹ́

O kú ìrìn, Ọmọ Ìjerò. Gbogbo àmì tó o kà sílẹ̀ yìí, ibì kan náà ni wọ́n forí sọ, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ti ju epo lọ. Púlọ́ọ̀gì funfun, ooru, ìbọn nínú sàléńsà, kó máa fẹ́ kú tó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un níná, àìsàn kan náà ni. Kí pẹtiróòlù tó lè jó tán dáadáa, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 ló gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n epo 1 pàdé, bí wọ́n bá gbé àwọn méjèèjì lé òṣùwọ̀n. Àwọn tó ṣe máṣíìnì yẹn wọn jẹ́ẹ̀tì inú kábúrétọ̀ mọ́ àpótí yẹn ni, mọ́ ẹnu tóóró tí àpótí fi ń mí, mọ́ sàléńsà pàápàá. O ti wá yọ ìkan nínú wọn kúrò, àwọn yòókù ò mọ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ńṣe ni àpótí yẹn ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ẹ́ńjìnnì kì í fa afẹ́fẹ́ bó ṣe ń fẹ́ lẹ́sẹ lẹ́sẹ, ó máa ń já a gbà ni, á sinmi, á tún já a gbà. Boxer 150 yìí, 144.8cc ni gangan. Tó bá ń yí ìgbà 6000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà 3000 ló fa afẹ́fẹ́ nínú ìṣẹ́jú yẹn, torí ìyípo méjì méjì ló fi ń fà á lẹ́ẹ̀kan. Ká ní ó ń kún dẹ́nu ní gbogbo ìgbà tó bá fà, ó ti gbé afẹ́fẹ́ bíi lítà 430 mì láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Àpótí yẹn ló ń kó afẹ́fẹ́ tó rọlẹ̀ jọ sítòsí fún un, tí atẹ́gùn ojú ọ̀nà kò fi ní máa da kábúrétọ̀ láàmú, òun náà ló ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ òjò àti omi tí táyà ẹ̀yìn ń ta. Agbára tí wọ́n tún ń pariwo yẹn, lára máṣíìnì tí kámù ẹ̀ (irin tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì) àti sàléńsà ẹ̀ ò yí padà, ó kéré débi pé o ò ní mọ̀ ọ́n lára. Ariwo ló pọ̀ sí i, etí wá ń tan ara jẹ. Agbára ìsàlẹ̀, èyí tá a fi ń gun òkè, òun ló tilẹ̀ sábà máa ń lọ sílẹ̀, ìlú olókè dẹ̀ ni tiwa. Gbé ẹrù gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè pẹ̀lú kóònù tí wọn ò tún kábúrétọ̀ ẹ̀ ṣe kó o wá sọ bó ṣe rí fún mi.

Tó o bá tún fẹ́ lò ó síbẹ̀, gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kọ́kọ́ wo irú kábúrétọ̀ tó wà lára ẹ̀. Ìkan wà tí wáyà ọwọ́ iná ń fa ìlẹ̀kùn inú ẹ̀ sókè tààrà, ìyẹn rọrùn díẹ̀. Ìkejì ni èyí tó ní rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lábẹ́ ìdérí orí ẹ̀, afẹ́fẹ́ fúnra ẹ̀ ló ń gbé ìlẹ̀kùn ti ìyẹn sókè, òun ni kì í fẹ́ràn kóònù rárá, torí tí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ wúruwùru níwájú ẹ̀, ìlẹ̀kùn yẹn ò ní mọ ibi tó máa dúró sí. Tó o bá wá yọ fíltà, wo ẹnu kábúrétọ̀ dáadáa. Wà á rí ihò kéékèèké létí ẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ni àwọn jẹ́ẹ̀tì afẹ́fẹ́ ti ń mí. Ètè rọ́bà àwọn kóònù kan máa ń nípọn débi pé á bo ihò yẹn, ẹ á máa pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì títí, kò ní gbọ́. Wọ́n gbé irú ẹ̀ wá bá mi rí, ìlú mẹ́ta ni wọ́n ti gbé e kiri, bí mo ṣe fi bíléèdì gé ètè rọ́bà yẹn sẹ́yìn báyìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

Tí ìyẹn bá ti dáa, ó kan epo. Láti sílò, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tá ò fún un níná, títí dé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ọwọ́ iná, pilot jet àti sukúrù ẹ̀gbẹ́ ló ń darí ẹ̀. Àárín, abẹ́rẹ́ inú kábúrétọ̀ ni. Láti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin dópin, main jet. Torí náà, ẹ̀gbọ́n Ajílòsùn, main jet nìkan ò lè wo ohun tó ń ṣe é nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un níná, ibòmíì nìyẹn. Abẹ́rẹ́ tó bá ṣeé yí sábà máa ń ní ìlà márùn-ún lọ́rùn, tó o bá sọ kílíìpù kalẹ̀ sí ìlà kan, abẹ́rẹ́ á gòkè, epo á pọ̀ sí i láàárín. Sukúrù ẹ̀gbẹ́ yẹn náà, ẹ ṣọ́ra fún un. Tó bá wà lápá ibi tí fíltà wà, afẹ́fẹ́ ló ń wọ̀n, dídè é wọlé ni epo fi ń pọ̀. Tó bá wà lápá ẹ́ńjìnnì, epo ló ń wọ̀n, títú u síta ni epo fi ń pọ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tí wọn ò mọ ìyàtọ̀ yìí ló ń yí i sódì, tí wọ́n á wá ní kábúrétọ̀ ti bàjẹ́.

Main jet, ẹ máa gùn ún díẹ̀díẹ̀. Tí nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀ bá jẹ́ 100, ẹ dán 102 wò, ẹ dán 105 wò, kì í ṣe kẹ́ ẹ fò lọ sí 120. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ tàbí wáyà gbẹ́ ojú jẹ́ẹ̀tì. Ojú ihò yẹn gbọ́dọ̀ yí kíríbítí kó sì dán, tí wọ́n bá ti ha á, kò sí ẹni tó tún lè sọ nọ́ńbà tó jẹ́ mọ́.

Èrò tèmi ni pé kó o dá àpótí padà. Títì Adó yàtọ̀ sí ọ̀nà oko Ìjerò.

Baba Kòkó Emùré

Ẹ kú ọgbọ́n ẹ̀yin ọmọ mi. Mẹkáníìkì ti sọ ti epo, ẹ jẹ́ kí n sọ ti eruku, torí oko ni mo ń gbé máṣíìnì lọ ní ojoojúmọ́ ayé mi, ọ̀nà ibẹ̀ ni mo sì fi ń kó kòkó jáde.

Eruku ilẹ̀ pupa yìí, ẹ má wò ó pé ó kúnná. Iyanrìn ló wà nínú ẹ̀, iyanrìn dẹ̀ máa ń ṣe bíi páálí tí wọ́n fi ń ha irin. Tó bá wọ ẹ́ńjìnnì, á pò mọ́ ọ́ìlì, á wá máa ha ríìngì tó yí písítìn ká àti ògiri sílíńdà. Kì í pa á lójú ẹsẹ̀. Ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe ni pé ọ́ìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù tẹ́ ẹ ò rí ibi tó ń jò sí, èéfín tó ní àwọ̀ búlúù díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láàárọ̀, lẹ́yìn náà ni agbára á lọ. Nígbà yẹn, fíltà tuntun ò lè gbà á sílẹ̀ mọ́, wọ́n ti fẹ́ la á nìyẹn, kí wọ́n fi sílíńdà àti ríìngì òmíì sí i. Láti oṣù December tí ọyẹ́ bá ti dé títí dé February, ọkọ̀ kan ṣoṣo tó bá ṣáájú yín lójú ọ̀nà oko ti tó láti sọ yín di pupa látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ kan náà ni ẹ́ńjìnnì ń mí.

Fíltà dà bí asẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì. Tí asẹ́ bá tóbi tó òkè tí ojú ẹ̀ ya níbì kan ṣoṣo, èèrí gbogbo á bá ojú kan yẹn kọjá. Bó ṣe rí náà nìyẹn tí fíltà ò bá jókòó dáadáa, tàbí tí kíláǹpù ò fún. Ohun tí mo máa ń ṣe rèé: mo máa ń yọ rọ́bà tó wà láàárín fíltà àti kábúrétọ̀, màá fi aṣọ funfun tó mọ́ wé ìka, màá fi nu inú rọ́bà yẹn yípo. Tí aṣọ bá jáde ní funfun, ó dáa. Tó bá pupa, tí mo sì fi ìka méjì ra á tó ń dún gíríkí-gíríkí, eruku ti ń rí ọ̀nà kọjá nìyẹn, mi ò ní gùn ún lọ síbì kankan títí màá fi rí ibẹ̀.

Fóòmù ni mo fara mọ́ fún ọ̀nà oko, torí ó ṣeé fọ̀. Kẹrosíìnì ni kẹ́ ẹ fi fọ ọ̀rá ara ẹ̀ kúrò, ẹ má fi pẹtiróòlù, ó máa ń jẹ gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, iná dẹ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn kẹrosíìnì, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ fún un nínú àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ẹ má lọ́ ọ bí ẹni lọ́ aṣọ, á ya. Abẹ́ ibòji ni kẹ́ ẹ sá a sí kó gbẹ pátápátá. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá fi ọ́ìlì sí i. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń gbàgbé ọ́ìlì yìí. Fóòmù gbígbẹ, ihò ńláńlá ló wà lára ẹ̀, ọ́ìlì ló ń mú eruku. Ìwé àwọn Honda àtijọ́, gear oil 80/90 ni wọ́n ní kí wọ́n fi sí i, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó mọ́ náà á ṣe é tí tinú agolo tí wọ́n ṣe fún fíltà ò bá sí. Ẹ fi sí i títí á fi dọ́gba kárí, ẹ wá fún un títí kò fi ní kán mọ́. Tó bá ń kán, ó ti pọ̀jù, kò ní jẹ́ kó mí.

Tí tiyín bá jẹ́ onípépà, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má fi ọ́ìlì kàn án. Ẹ gbọ̀n ọ́n jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tó bá sì burú, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbé e lọ sọ́dọ̀ fọganáísà kó bá yín fi afẹ́fẹ́ táyà fẹ́ ẹ, láti inú síta ni kó ti fẹ́ ẹ, kó jìnnà sí i, kó má le. Tó bá ti ìta fẹ́ ẹ wọnú, ó ń rọ eruku wọ ara pépà ni.

Ọmọ Ìjerò

Ẹ ṣé gan-an ni bàbá, ẹ ṣé ọ̀gá mẹkáníìkì. Mo ti ń rí i bọ̀. Rọ́bà tó ń rọ̀ dirodiro yẹn ńkọ́? Ẹnìkan ò tíì fèsì sí i. Tí mo bá sì tún fẹ́ tọ́jú kóònù yìí fún ìgbà tí mo bá ń lọ Adó nìkan, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ògidì ni, torí inú ọ̀rá lásán ni wọ́n ti yọ ọ́ fún mi, kò ní páálí kò ní ìwé.

Ìyá Ìbejì Sípèépáàtì

Ẹ ǹlẹ́ o. Adó ni mo ti ń ta sípèépáàtì máṣíìnì, mo ń ta fóòmù, mo ń ta onípépà, mo ń ta kóònù náà, torí náà mi ò ní sọ pé kóònù ò dáa. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń rà á ni mi ò fẹ́ràn. Oníbàárà á dé, á tọ́ka sí àwọ̀, pupa, búlúù, á ní "ìyẹn", á sanwó, ó lọ. Kò wọn ẹnu kábúrétọ̀.

Ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ fi rúlà tàbí téèpù wọn ìta ẹnu kábúrétọ̀ láti etí kan dé ìkejì. Àwọn tó máa ń wà lọ́jà ni 35mm, 38mm, 42mm, 48mm, 50mm. Tẹ́ ẹ bá ra èyí tó fẹ̀ jù tẹ́ ẹ wá ń fi kíláǹpù fún un mọ́ ọn tipátipá, rọ́bà ẹ̀ á ká lábẹ́, ojú ibi tó ká yẹn ni eruku á máa gbà wọlé. Àwọn kan á tún wé rọ́bà túùbù mọ́ ọn kó lè dì. Ẹ má ṣe é.

Ti ògidì àbí ayédèrú, àwọn olówùú yẹn, iléeṣẹ́ K&N ti Amẹ́ríkà ló jẹ́ kí wọ́n gbajúmọ̀. Ọ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ká lé ara wọn láàárín nẹ́ẹ̀tì wáyà méjì ni, wọ́n á wá fi ọ́ìlì pa á. Ohun tó kún ọjà jẹ́ àfarawé, àwọn mìíì ò tilẹ̀ ní òwú nínú, nẹ́ẹ̀tì wáyà àti tìmùtìmù tín-ín-rín ni, ìyẹn á dá ewé àti kòkòrò dúró, kò lè dá eruku dúró. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, ẹ tì í bọ inú ẹ̀ nínú òkùnkùn, kẹ́ ẹ wá máa yí i wò láti ìta. Tí iná bá rọra ń hàn fírífírí kárí, òwú wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ojú iná tó ń tàn yín lójú gán-án, pàápàá níbi tí òwú ti pàdé rọ́bà ìdí ẹ̀, ihò nìyẹn, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Olówùú náà nílò ọ́ìlì, ọ̀pọ̀ nínú èyí tó ń wọlé ló gbẹ. Ọ́ìlì tiẹ̀ yàtọ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún un ni kẹ́ ẹ béèrè. Tẹ́ ẹ bá ń fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí omi tó rọra ń ṣàn ti inú ẹ̀ jáde síta, ẹ jẹ́ kó dá gbẹ, ẹ má gbé afẹ́fẹ́ fọganáísà sún mọ́ ọn, ó máa ń ya òwú yẹn.

Ọmọ Ìjerò, tó o bá fẹ́ fóòmù Boxer, mú èyí tó ti gbó dání wá. Àpótí Boxer BM100 àti ti Boxer 150 kì í ṣe ìkan náà, wọ́n á kàn gbé òmíì fún ẹ tí etí ẹ̀ ò ní kan ara àpótí.

Mẹkáníìkì Ìkẹ́rẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé, ẹ sọ ọ́ dáadáa.

Àbúrò, ti rọ́bà yẹn. Ẹni tó ní kò ṣe nǹkan kan kò sọ òótọ́ fún ẹ. Ìmí ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Nígbà tí písítìn bá ń sọ̀kalẹ̀, ó ń ti afẹ́fẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì jáde gba ibẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn ní ooru ọ́ìlì nínú. Ìdí tí wọ́n fi darí ẹ̀ sínú àpótí ni pé kó tún padà lọ jó. Ẹ́ńjìnnì tó ní písítìn kan ṣoṣo bíi tiwa yìí, bó ṣe ń ti afẹ́fẹ́ jáde náà ló tún fẹ́ máa fà á padà nígbà tí písítìn bá ń gòkè. Tí rọ́bà yẹn bá wá ń rọ̀ lẹ́bàá táyà lójú ọ̀nà oko, eruku lo ń fà lọ tààrà sínú ọ́ìlì, kò tilẹ̀ gba ọ̀dọ̀ fíltà kọjá rárá. O lè ra fíltà owó ńlá jù lọ ní gbogbo Èkìtì, eruku á ti ìsàlẹ̀ wọlé bá ẹ. Tó bá tún ń kán, ọ́ìlì lè ta sára táyà ẹ̀yìn, o mọ ohun tí ìyẹn lè fà ní kọ́nà. Ẹni tó bá lo kóònù gbọ́dọ̀ wá fíltà kékeré fún ẹnu rọ́bà yẹn, kó sì so ó sókè lábẹ́ ìjókòó níbi tí omi ò ti lè dé.

Lórí pé kó o máa fi kóònù lọ Adó, kó o fi àpótí lọ oko, mi ò gbà ẹ́ níyànjú ẹ̀. Jẹ́ẹ̀tì tó bá bá kóònù mu máa pọ̀jù fún àpótí. Púlọ́ọ̀gì á dúdú, á máa kó èédú, epo á máa lọ, gbogbo wa la dẹ̀ mọ bí owó epo ṣe rí láti May 2023 tí wọ́n ti ní owó ìrànwọ́ epo ti lọ. O ò lè máa tú kábúrétọ̀ ní gbogbo ìgbà tó o bá ń yí ọ̀nà padà. Mú ìkan.

Tó o bá dá àpótí padà, ri i pé gbogbo rọ́bà tó so ó mọ́ kábúrétọ̀ jókòó yípo, fi gíríìsì díẹ̀ pa etí ibi tí fóòmù ti kan àpótí. Tan máṣíìnì, jẹ́ kó wà ní sílò, wọ́n omi díẹ̀díẹ̀ sára rọ́bà tó wà láàárín kábúrétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì. Tí ohùn ẹ̀ bá yí padà nígbà tí omi kan ibì kan, rọ́bà yẹn ti sán, ó ń fa afẹ́fẹ́ ìta. Kóònù tí wọn ò gbé nǹkan kan sábẹ́ ẹ̀ máa ń fì nínú kòtò, ó lè ti sán rọ́bà yẹn, torí náà wò ó. Kó o tó wá wo púlọ́ọ̀gì, lọ sí ọ̀nà gbọọrọ tí kò sí èèyàn, fún un níná dáadáa fún ìgbà díẹ̀, kó o tẹ kílọ́ọ̀ṣì kó o sì pa kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, má jẹ́ kó dúró ní sílò kó tó kú. Tú u níbẹ̀. Àwọ̀ búráùn la fẹ́ rí. Funfun, epo ò tó. Dúdú tó dà bí ẹ̀ẹ́dú, epo ti pọ̀jù.

Ọlọ́kadà Ajílòsùn

Mo gbà fún yín lórí ọ̀nà oko, mi ò bá yín jà. Àmọ́ mi ò gbà pé kóònù ò wúlò fún ẹni tó ń gun títì ọlọ́dà. Tèmi, wọ́n yí abẹ́rẹ́ ẹ̀, wọ́n yí main jet ẹ̀, púlọ́ọ̀gì mi búráùn. Òjò nìkan ló ń dà mí láàmú, mo ní ọ̀rá tí mo máa ń dà bò ó, tí òjò bá sì le mo máa ń yà síbi kan ni. Ti rọ́bà ìmí yẹn ló kàn mí, ilẹ̀ ni tèmi ń wò. Màá wá fíltà kékeré yẹn lọ́la. Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ ní in?

Ìyá Ìbejì Sípèépáàtì

Ó wà. Wọn ẹnu rọ́bà kó o tó wá o.

Ọmọ Ìjerò

Ẹ kú àdúrótì mi o. Mo ti dá àpótí padà. Mo ra fóòmù lọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì, mo mú èyí tó gbó dání bí wọ́n ṣe wí, mo fi ọ́ìlì pa á, mo fún un títí kò fi kán mọ́. Ọ̀gá mẹkáníìkì, òótọ́ lẹ sọ nípa rọ́bà tó wọ ẹ́ńjìnnì, bí mo ṣe wọ́n omi sí apá ìsàlẹ̀ ẹ̀ báyìí ni sílò kọ́kọ́ fẹ́ kú, ojú ibi tó sán kò gùn ju èékánná lọ, ẹ ò lè rí i àfi tẹ́ ẹ bá ti ẹ̀gbẹ́ wò ó. Mo ti pààrọ̀ ìyẹn náà. Kò yìnbọn mọ́, ó ń gba iná lójú ẹsẹ̀, mo gbé àpò gààrí méjì gun òkè láàárọ̀ yìí kò sì ṣe bí ẹni fẹ́ kú. Púlọ́ọ̀gì ti ń kúrò ní funfun, ó ti ń pọ́n bọ̀ sí búráùn.

Bàbá, mo fi aṣọ funfun nu inú rọ́bà yẹn bẹ́ ẹ ṣe ní kí n ṣe, ó pupa díẹ̀, mo rò pé ti ìgbà kóònù ló kù síbẹ̀. Mo ti fọ̀ ọ́ mọ́, màá tún nù ún wò lẹ́yìn tí mo bá ti lọ oko bọ̀.

Kóònù wà níbí, 42mm ni, òwú wà nínú ẹ̀, mo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ẹ̀gbọ́n Ajílòsùn, tó bá bá ẹnu tiyín mu, màá mú un dání ní Sátidé tí mo bá ń bọ̀ wá kó ọjà.

Ọlọ́kadà Ajílòsùn

42 ni tèmi. Mú un bọ̀, àti kíláǹpù ẹ̀.